Ìyá Ìbejì, Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ́ Ọ Sórí

Mókọ́lá,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Sátidé.

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́, ṣé eyín Kẹ́hìndé ti hù tán? Bá mi kí bàbá wọn, kí o sì sọ fún un pé iṣu tó ṣèlérí kò tíì dé Ìbàdàn o, bóyá ó ṣì wà lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn.

Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ mi fi wá wo ohun tó ń ṣe mí. Kí ọ̀gá ilé-ìwé dìde lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, kó ní olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni yóò máa mú SS1 ní kẹ́mísírì, torí pé "sáyẹ́ǹsì kan náà ni gbogbo rẹ̀"! Ǹjẹ́ kò tíì gbé físíìsì fún ìyá tó ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè? Má dá mi lóhùn, ó lè jẹ́ òótọ́.

Pẹ̀lẹ́. O ní kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é fún àwọn ọmọ tèmi. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí a bá ní ká sọ ọ́ lórí fóònù, káàdì yóò tán kí n tó dé ibi tó dùn níbẹ̀. Iná sì ti lọ láti àná, kò sí aṣọ tí mo lè lọ̀. Fìdí lélẹ̀ kí o máa kà á.

O ní ètò rẹ ni pé kí o lẹ àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì mọ́ ògiri lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n ka ogún àkọ́kọ́ láti orí háídírójìn dé kálísíọ̀mù, kí o sì gbọ́ ọ lẹ́nu olúkúlùkù wọn lọ́jọ́ Fúráìdè. Jọ̀wọ́, yí i padà. N kò ní kí wọ́n má kọ́ ọ sórí o. Wáẹ̀kì ń bọ̀, ọmọ tí kò bá sì mọ ogún yẹn dunjú yóò máa wo òrùlé ni nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí àkọ́sórí kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n bá ti rí ìdí tí ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan fi wà níbi tó wà. Bí o bá kọ́kọ́ fi àtẹ yẹn hàn wọ́n ní pípé, tí gbogbo àpótí rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, wọ́n á rò pé láti ọ̀run ni wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ta ló ń bi ohun tó ti ọ̀run wá ní ìbéèrè?

Olùkọ́ bí tìrẹ ló ṣe é, nínú irú ìdààmú tí o wà yìí gan-an. Dmitri Mendeleev, ará Rọ́ṣíà. Ní 1867 ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Yunifásítì St. Petersburg. Kò rí ìwé tó tẹ́ ẹ lọ́rùn láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì 63 ni ayé mọ̀ nígbà yẹn. Ó kọ ìwé kìn-ín-ní tán, ó wẹ̀yìn wò, 8 péré ló tíì kọ́ wọn dáadáa nínú rẹ̀: háídírójìn, ọ́síjìn, náítírójìn, kábọ́ọ̀nù, àti àwọn mẹ́rin tó jẹ́ ọ̀wọ́ klóríìnì. Ó wá ku 55, ìwé kan ṣoṣo ló sì kù tó fẹ́ kọ! Ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí lára nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí síkíìmù ṣì wà ní ìdajì. Kò lè mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí yóò fi kó wọn ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ibẹ̀ ni àtẹ yẹn ti wá ní 1869. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí pé síkíìmù tí kò ní í tán ló bí i, ọkàn mi máa ń balẹ̀ díẹ̀.

Nítorí náà, ìdààmú yẹn ni kí o kọ́kọ́ kó lé àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Wá páálí Indomie tó ti ṣófo, gé e wẹ́wẹ́ bíi káàdì wọ́ọ̀tù, kí o sì kọ ẹ́límẹ́ǹtì kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí lítíọ̀mù dé kálísíọ̀mù. Háídírójìn àti hílíọ̀mù, gbé wọn pamọ́ ná, oníjàngbọ̀n ni àwọn méjèèjì. Ohun mẹ́ta ni yóò wà lórí káàdì: orúkọ, ìwọ̀n átọ́ọ̀mù, àti iye háídírójìn tí átọ́ọ̀mù kan nínú rẹ̀ máa ń dì mú. Kábọ́ọ̀nù, 12, 4. Náítírójìn, 14, 3. Ọ́síjìn, 16, 2, omi sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Níọ́ọ̀nù, 20, 0, torí pé kì í bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Má kọ nọ́ńbà átọ́ọ̀mù sí i o! Bí o bá kọ ọ́, o ti tú eré náà ká. Kí o tó pín in fún wọn, yọ káàdì sílíkọ́ọ̀nù kúrò nínú ti ọ̀wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, jù ú sínú báàgì rẹ, má sì wí nǹkan kan.

Àṣẹ tí o máa pa kò gùn: ẹ tò ó láti orí èyí tó fúyẹ́ jù dé orí èyí tó wúwo jù, bí ẹ bá rí i pé nǹkan kan fẹ́ máa tún ara rẹ̀ ṣe, ẹ gé ìlà níbẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu rẹ dé. Ìyẹn gan-an ló le jù fún àwa olùkọ́.

Ariwo lásán ni yóò kọ́kọ́ jẹ́. Àwọn kan á máa jà sí ẹni tí yóò mú káàdì dání. Ó máa yá, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà ìkẹta jáde: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ẹ̀ta, èjì, ení, òdo. Á dúró, á tún un wò. Ení, èjì, ẹ̀ta... Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi fò dìde, ó ní, "Mà, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ó tún ń gòkè!" Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sódíọ̀mù sábẹ́ lítíọ̀mù, kò sì tíì gbọ́ ohun tó ń jẹ́ "group" rí láyé. Jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ní ìlà kejì, sódíọ̀mù ní ení, magnésíọ̀mù ní èjì, alúmíníọ̀mù ní ẹ̀ta, wọ́n á wá kan fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí òun náà ní ẹ̀ta. Kò sí ẹ̀rin. Ọ̀wọ́ kan á ti gbogbo káàdì sún mọ́ra wọn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, títí klóríìnì yóò fi bọ́ sábẹ́ ọ́síjìn tí ọ̀rọ̀ á sì daru. Ọ̀wọ́ mìíràn á sọ pé, "Mà, káàdì yín kò pé." Orí wọn pé nìyẹn! Ní kí wọ́n kọ káàdì tó sọnù náà fún ọ. Háídírójìn mélòó? Ẹ̀rin ni gbogbo wọn máa sọ. Ìwọ̀n ńkọ́? Alúmíníọ̀mù jẹ́ 27, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jẹ́ 31, wọ́n á ní kó jẹ́ 29. Wá mú sílíkọ́ọ̀nù jáde nínú báàgì: 28, 4. O ò ní í lè dá ariwo ọjọ́ náà dúró, kí o ti lọ bẹ olùkọ́ ìtàn tó wà ní yàrá kejì sílẹ̀.

Ìgbà yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán láti gbọ́ ohun tí Mendeleev ṣe. Ó fi àwọn àyè kan sílẹ̀ lófìfo nínú àtẹ rẹ̀, ní 1871 ó sì kọ ìwà àwọn mẹ́ta tí yóò wà níbẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà, láìrí wọn rí. Ní 1875, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Lecoq de Boisbaudran rí gálíọ̀mù. Ó wọ̀n ọ́n, ó ní ó wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 4.7. Mendeleev ránṣẹ́ pé rárá o, ó yẹ kó tó 5.9, pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ́ tó. Ìwọ rò ó wò: ẹni tí kò fojú rí mẹ́tàlì náà ń sọ fún ẹni tó dì í mú lọ́wọ́ pé kó tún un wọ̀n. Ọkùnrin náà fọ̀ ọ́ mọ́, ó tún un wọ̀n, ó jẹ́ 5.9. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, skándíọ̀mù, jáde ní 1879. Ní 1886, Clemens Winkler ní Jámánì rí jẹ́máníọ̀mù, èyí tó yẹ kó wà lábẹ́ sílíkọ́ọ̀nù gan-an. Mendeleev ti sọ pé ìwọ̀n átọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò jẹ́ 72, pé yóò sì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 5.5. Èyí tí a mọ̀ lónìí ni 72.6 àti 5.3. Nípa ti gálíọ̀mù yẹn, ooru 29.8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó láti yọ́ ọ. Ní ọ̀sán oṣù kẹta ní Ṣakí yín, á ti di olómi nínú ìgò kí o tó gbé e dé kíláàsì.

Àwọn kan nínú wọn á máa rò pé idán ni, tàbí pé Mendeleev dá Ifá. Ibí yìí ni mo ti máa ń lọ yá àtẹ kọ́ńsónáǹtì lọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá wa, mo á sì gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, SS1 kan náà ni wọ́n ti ń yà á: ibi ìsẹ́nupè lókè, ọ̀nà ìsẹ́nupè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo á ní kí wọ́n wo ìlà àsénupè. *T* wà pẹ̀lú *d*, *k* wà pẹ̀lú *g*, *p* tiwa wà pẹ̀lú *gb*. Àìkùnyùn kan, akùnyùn kan, méjì méjì. Wọ́n á wá dé ọ̀dọ̀ *b*: òun nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Mo á ní, "Bí ìró kan bá wà tó yẹ kó wà níbẹ̀, báwo ni ẹ ó ṣe pè é?" Àtẹ náà ti sọ ọ́: ètè méjèèjì ni kí ẹ pàdé, kí ẹ sé èémí pátápátá, kí tán-án-ná má sì gbọ̀n. Wọ́n á gbìyànjú rẹ̀, gbogbo kíláàsì á máa tú ètè puu puu, títí ẹnì kan á fi pariwo pé, "Ti 'pen' ni, Mà! P òyìnbó!" Òun ni. Yorùbá kò lò ó, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ wà, àyè yẹn sì ti sọ gbogbo ìwà rẹ̀ kí a tó gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe èyí, n kì í ṣe wàhálà púpọ̀ mọ́ láti ṣàlàyé ohun tí ìlà òòró àti ìlà ìbú ń ṣe nínú àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì. Olùkọ́ Yorùbá wa náà ní àwọn ọmọ ti ń bi òun ní ìbéèrè tí wọn kì í bi òun tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀fọ́rí kan á yọjú lópin àwọn káàdì yẹn, má sì jẹ́ kó bá ọ lójijì. Pòtásíọ̀mù jẹ́ 39.1, ágọ́ọ̀nù jẹ́ 39.9. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìwọ̀n gẹ́gẹ́ bí o ṣe pàṣẹ, pòtásíọ̀mù á bọ́ sábẹ́ níọ́ọ̀nù, ágọ́ọ̀nù á wá bọ́ sábẹ́ sódíọ̀mù. Gáàsì tí kì í bá nǹkan kan da pọ̀ wá di ará ilé mẹ́tàlì tó ń gbiná nínú omi! Apá kan á ní kí a pààrọ̀ wọn, apá kejì á ní òfin ni òfin. Má ṣe adájọ́. Mendeleev náà bá irú rẹ̀ pàdé lọ́dọ̀ tẹlúríọ̀mù àti áyódíìnì. Ìwà ló tẹ̀ lé, ó ní àwọn tó wọ̀n wọ́n ló ṣì í wọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1913, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Moseley, fi ìtànṣán X-ray yẹ àwọn ẹ́límẹ́ǹtì wò, ó sì fi hàn pé nọ́ńbà kan wà nínú átọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ tó ń tò wọ́n. Iye pírótọ́ọ̀nù ni. Pòtásíọ̀mù 19, ágọ́ọ̀nù 18, ìjà parí. Bí o bá sọ fún wọn pé wọ́n yìnbọn pa Moseley ní Gallipoli ní 1915, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 27, múra sílẹ̀ fún ìbínú. Àwọn tèmi fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ti láàbù wá kù. O ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ti sọnù, pé bí wọ́n bá sì ṣí i, àwọn ìgò tí lébẹ́ẹ̀lì wọn ti ṣí kúrò ló kún inú rẹ̀. Fi wọ́n sílẹ̀, má jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn wọ́n. Bí o bá rí sódíọ̀mù nínú wọn (á wà nínú epo, á dà bíi wàràǹkàṣì tó ti dúdú lẹ́yìn), má gbìyànjú èyí tí wọ́n ń ṣe lórí YouTube. Ilé ìdáná rẹ ti tó.

Bọ sóbò láìfi ṣúgà sí i, jẹ́ kó tutù. Wá ife ike tí ó mọ́ gaara. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, bu omi tí o yọ́ kán-ún sí nínú sí ìkejì, bu omi eérú èèpo kòkó sí ìkẹta. Ìkẹrin, lọ ìkarahun ìgbín kúnná, pò ó mọ́ omi, jẹ́ kó sinmi, kí o sì ro omi tó wà lókè rẹ̀ sínú ife. Wá máa kán sóbò sí wọn díẹ̀díẹ̀. Ti ọsàn á pọ́n fòò. Ti kán-ún àti ti eérú á yí kúrò ní pupa, á dà bíi búlúù, á sì di àwọ̀ ewé lójú wọn. Ti ìkarahun fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Bi wọ́n pé kí ló dé tí ti kán-ún àti ti eérú fi jọra tí ti ìkarahun kò sì jọ wọ́n. Sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú kán-ún, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní pọ́táṣì lọ́jà. Pòtásíọ̀mù ló wà nínú eérú kòkó. Kálísíọ̀mù ló wà nínú ìkarahun. Kábọ́nétì ni gbogbo wọn, òun ló ń yí àwọ̀ sóbò. Ṣùgbọ́n ti àwọn ará ìlà òòró kìn-ín-ní ń yọ́ sínú omi wọ́ọ́rọ́wọ́, ti àwọn ará ìlà òòró kejì kì í fẹ́ yọ́. Kí wọ́n tún lọ wo káàdì wọn: ta ló wà lábẹ́ ta? Eérú kòkó yìí náà ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, pòtásíọ̀mù inú rẹ̀ ló sì fà á tí ọṣẹ náà fi ń rọ̀. Ti kọ́sítíìkì sódà tó jẹ́ sódíọ̀mù ló máa ń le gbagidi. Ní 1807 ni Humphry Davy fi iná mànàmáná fa pòtásíọ̀mù jáde, ó sì fa sódíọ̀mù jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Ọmọ kan á bi ọ́ ìdí tó fi jẹ́ pé ogún nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀. Má sọ pé bí síkíìmù ṣe wí nìyẹn. Òfin ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a fi ń kọ́ wọn, 2, 8, 8, 2, orí kálísíọ̀mù ni agbára rẹ̀ mọ. Tó bá ti kan skándíọ̀mù tó jẹ́ ìkọkànlélógún, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tuntun á padà sí ṣẹ́ẹ̀lì kẹta, èyí tó lè gbà tó 18, òfin wa á sì di irọ́. Sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ṣì wà níwájú. Àwọn ọmọ fẹ́ràn kí wọ́n mọ̀ pé olùkọ́ kò tíì sọ gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá bèèrè mélòó ni gbogbo rẹ̀, 118 ni, àwọn mẹ́rin tó gba orúkọ kẹ́yìn nínú ìlà keje sì gbà á ní 2016. Ìkejìdínlọ́gọ́fà, oganesson, orúkọ Yuri Oganessian ni wọ́n fi sọ ọ́, ọkùnrin náà sì wà láàyè nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

O tún bèèrè bóyá ó burú láti ṣàlàyé ní Yorùbá. Ta ló ní ó burú? Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, mo mọ̀, torí náà Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ sójú pátákó. Ẹnu mi ni mo ni.

Mo ti di eérú kòkó sínú ọ̀rá méjì fún ọ, torí mo mọ̀ pé ẹ kò ní kòkó lápá ọ̀hún. Màá fi lé awakọ̀ Ṣakí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Túsìdè. Bí ó bá bi ọ́ pé kí ni, sọ fún un pé ọṣẹ ni o fẹ́ fi ṣe, kó má baà rò pé ohun mìíràn ni. Kí o sì fi iye àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì náà ránṣẹ́ sí mi, torí páálí pọ̀ nílé wa níbí, Dáre lè gé díẹ̀ nínú káàdì náà fún ọ kí ilé-ìwé tó wọlé. Kò ní nǹkan mìíràn tó ń ṣe ju bọ́ọ̀lù lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Dáre.